Iná Ọ̀dọ̀ Bàbá Télọ̀

Òórùn èédú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn ni mo fi ń rántí Adó-Èkìtì ayé ìgbà náà, òórùn yìí kan náà ni mo sì fi ń rántí ọ̀tá mi.

Ìgèdè ni wọ́n ti bí mi. Ọ̀dọ̀ ìyàwó òyìnbó ìjọ ni mo ti kọ́ aṣọ rírán. Nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi, tíṣà, wá sí Adó, mo gbé ẹ̀rọ ìránṣọ mi sí yàrá iwájú ilé tí a gbà, mo jókòó, mo ń retí kí gbogbo ìlú wá tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Kí ló dé tí wọn ò ní tò? Ṣebí òyìnbó ló kọ́ mi. Oṣù wọlé, oṣù jáde, ẹnu ọ̀nà mi dá páropáro. Ọkọ mi wá sọ pé bí Kérésìmesì bá fi dé tí n kò rí oníbàárà, kí n ta ẹ̀rọ náà, kí n lọ máa bá ìyá mi ta iṣu ní Ìgèdè.

Arúgbó télọ̀ kan, ará Ìlọrin, ló wà ní òdìkejì ọ̀nà. Òun ló ń ránṣọ fún gbogbo àdúgbò kí n tó dé. Ìmàle ni, síbẹ̀ òun náà ló ń rán ẹ̀wù akọrin ìjọ wa. Ohun tó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ yà sọ́dọ̀ mi ni pé ẹ̀rọ kì í gbọ́ ti obìnrin. Mo kórìíra rẹ̀, n kò ní purọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti ba èédú mi jẹ́, mo mú àpáàdì, mo rékọjá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti bu ẹ̀yinná tí n óò kó sínú áyọ́ọ̀nù.

"Bàbá, mo fẹ́ bu uná lọ́dọ̀ rẹ."

Láti ìgbà tó ti dé Adó, kò tíì dárí ji àwa ará Èkìtì pé a kì í fi "ẹ" bá àgbà sọ̀rọ̀. "Lọ́dọ̀ ta ni? Ṣé èmi àti ìwọ jọ ń ṣeré ni? Bù ú, kí o kúrò níwájú mi. Iná nìkan ni mi ò lè fi dù ọ́."

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ẹni tó ń fi iná du aládùúgbò rẹ̀ nígbà náà, àfi ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ìjà ti dé. Nítorí náà mò ń lọ láràárọ̀, mò ń gba iná, mò ń gba èébú.

"Ìyàwó tíṣà, bùbá tí o gbé kọ́ síta yẹn, ṣé ọrùn ewúrẹ́ ni o wọ̀n ni?"

"Ojú ló ń dùn ọ́, Bàbá. Lọ sùn."

Bí mo bá délé, n óò tú ọrùn bùbá náà, n óò tún un rán, inú á sì máa bí mi burúkú-burúkú. Ibi èébú yìí náà ni mo ti gbọ́ pé ìyàwó ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó rán aṣọ fún òun, bẹ́ẹ̀ aṣọ obìnrin kì í ṣe iṣẹ́ tó wù ú. Mo sáré lọ bá obìnrin náà. Òun ni oníbàárà mi àkọ́kọ́.

Nígbà tí Kérésìmesì ku díẹ̀, ìjọ gba ẹ̀wù akọrin lọ́wọ́ bàbá télọ̀, wọ́n gbé e fún mi, nítorí pé ọmọ ìjọ ni mí. Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ níwájú ààrò rẹ̀, ó gbé igbá omi, ó dà á sórí iná. Eérú fọ́n sí mi lójú. Ó kẹ́yìn sí mi, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Gbogbo èébú rẹ̀ kò dẹ́rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mo padà sílé, mo mú ìṣáná ọkọ mi, mo dá iná tèmi. Ìṣáná náà ti wà lójú fèrèsé wa láti ọjọ́ tí a ti kó dé. Kí ni mo wá ń lọ gbà lọ́wọ́ arúgbó yẹn láràárọ̀ lẹ́yìn tí òjò ti dá?

Ẹ̀wù náà pọ̀, kò ṣeé dá rán kí ọdún tó dé. Bí mi ò bá parí rẹ̀, ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún mi? Ìdí iṣu ló kàn. Mo mú àpáàdì dání, mo di ìdajì aṣọ náà mọ́ra, mo lọ dúró níwájú rẹ̀. Ààrò rẹ̀ ti tún ń jó.

"Gba èyí rán. O ti ń wò mí bíi pé mo jí i."

Ó na aṣọ náà síwájú. "Ta ló gé e? Eku ni? Gbé e sílẹ̀. Bu iná rẹ, kí o máa lọ."

A parí ẹ̀wù náà kí ọdún tó dé. N kò ta ẹ̀rọ mi mọ́, ìjà wa náà kò sì parí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi bú ara wa. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin bá gbé aṣọ wá, n óò na ìka sí òdìkejì ọ̀nà. Bí obìnrin bá sì lọ bá a, àwọn oníbàárà mi sọ fún mi pé ohun tó máa ń wí ni pé, "Ẹ lọ bá oníjà yẹn. Kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, ṣùgbọ́n ojú rírán rẹ̀ kì í tú." Kò sọ ọ́ lójú mi rí.

Nígbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Ìlọrin. Láàárọ̀ ọjọ́ náà mo mú àpáàdì mi lọ. Wọ́n ti di ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ ẹrù, kò sí aṣọ kankan nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni yóò lọ̀, síbẹ̀ ààrò ń jó.

"Ìyàwó tíṣà," ó ní, "alaalẹ́ ni ọkọ rẹ ń ṣá ìṣáná tan àtùpà lójú mi. Ọjọ́ wo ni ìwọ gan-an máa rí i?"

Mo bẹ̀rẹ̀, mo bu iná sínú àpáàdì mi.

Lónìí, iná mànàmáná ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi ń lọ aṣọ. Kò sí ohun tó ń gbé wọn rékọjá ọ̀nà lọ bá ẹnikẹ́ni, wọn ò sì mọ ohùn télọ̀ tó wà lójúde kejì. Àpáàdì mi ṣì wà lábẹ́ tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ. Bí bàbá yẹn bá rí i níbẹ̀, yóò ní mo ń kó ìdọ̀tí jọ.