Ìpè Láti Ẹ̀yìn

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹwàá ọdún 1983, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnìkan pè mí láti ẹ̀yìn, mo sì dáhùn. Aago náà dá mi lójú, nítorí kóòṣì wa kì í jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láìwo aago ara ògiri, n kò sì tíì yìnbọn ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ.

Ìsàlẹ̀ ilé ìdárayá yunifásítì wa ní Houston ni a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, nínú yàrá gbọọrọ kan tí kò ní fèrèsé, tó máa ń rùn fún òróró àti èéfín. Àwa mẹ́rin ló máa ń dúró fún yunifásítì nínú ìdíje, ẹni karùn-ún sì jẹ́ adípò, tó ń dúró de ìgbà tí àyè bá ṣí sílẹ̀ láàárín wa. Èmi ni ẹni kẹrin, obìnrin kan ṣoṣo láàárín wọn, ipò yẹn ló sì ń dín owó ilé-ẹ̀kọ́ mi kù. Ọmọ Nàìjíríà bíi tèmi ni adípò náà, ó fi ọdún mélòó kan jù mí lọ. Òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́, òun ló ka òfin sí mi létí, Ẹ̀gbọ́n ni mo sì ń pè é. Òfin àkọ́kọ́ rọrùn: níwọ̀n ìgbà tí ìbọn bá wà lọ́wọ́ rẹ, ọ̀dọ̀ àmì tí à ń yìn ín sí ni ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí, ohun yòówù tí ì báà máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ.

"Àbúrò!" Ohùn Ẹ̀gbọ́n ni. "Àbúrò, ṣé o ti jẹun?"

Nílé wa, bí àgbà bá pe ọmọ tí ọmọ kọ ẹ̀yìn sí i, ìyá mi á bi í bóyá òun ò kọ́ ọ nílé ni. Orúnkún mi ti ń tẹ̀ kí n tó ronú. Mo yí padà pẹ̀lú "Sà" lẹ́nu àti ìbọn lọ́wọ́, ẹnu ìbọn náà sì gba iwájú ikùn kóòṣì kọjá. Kóòṣì kò pariwo. Ó ní kí n gbé e kalẹ̀, kí n jáde, kí n má sì padà wá mọ́.

Ẹ̀gbọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọdé ló ń ṣe mí. Nígbà tí a dé ìta, ó fọwọ́ gbá mi léjìká.

"Àbúrò, àṣà ilé ò bá ìbọn mu o."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ kúnlẹ̀ ní ọ́fíìsì kóòṣì. Ó dá mi lójú nígbà náà pé kò sí ẹni tí ìkúnlẹ̀ kò lè rọ̀ lọ́kàn. Ọkùnrin náà rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ó sáré gbé àga fún mi, ó bu omi wá, ó sì béèrè bóyá mo ti jẹun. Nígbà tó fi máa di Mọ́ńdè, Ẹ̀gbọ́n ti ń dúró ní ipò mi.

N kì í tètè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́tùn-ún lósì. Ó lè jẹ́ àṣìṣe. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́ mi lófin. Òwú tí a fi ń dín ariwo ìbọn kù wà létí mi, nítorí náà ó ní láti sún mọ́ mi dáadáa kó sì ké kí n tó lè gbọ́. Ní ti oúnjẹ tó ń béèrè, èmi àti òun la jọ jẹun ọ̀sán ọjọ́ yẹn. Ọmọ Amẹ́ríkà kan nínú ẹgbẹ́ wa sọ pé ó ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń yí padà. Èmi kò rí i, n kò sì kà á mọ́ ọn. Èyí tó kù ti tó mi.

Mo dúró dè é. Mo ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ ní daycare nírọ̀lẹ́ kí n lè parí ẹ̀kọ́ mi, mo sì ṣe ìdánwò àwọn tó ń kọ́ ọmọdé ní ààbò ìbọn, mo yege. Inú mi kò rọ̀ rárá.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn tí mo gboyè, ọmọ kan ní Missouri City, lẹ́bàá Houston, rí ìbọn bàbá rẹ̀ nínú wọ́dúróòbù, ọta sì gba ara ògiri jáde. Ọlọ́run yọ wọ́n, kò bá ẹnikẹ́ni. Ẹgbẹ́ àwọn ìdílé Yorùbá, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì, pinnu pé a ó máa kọ́ àwọn ọmọ wa. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ jẹ́ olórí ẹ̀kọ́ náà, kò sì sí ẹni tí kò tíì ròyìn ìdíje yunifásítì fún. Bàbá Alága ẹgbẹ́ náà ní kí n wá ràn án lọ́wọ́ ní Sátidé àkọ́kọ́.

Mo lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí. Mo bẹ̀ wọ́n pé bí Ẹ̀gbọ́n bá ti gbé ìbọn onígi tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ dání, kí wọ́n lọ sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n pè é.

"Ìdánwò ni àbí wàhálà?"

"Ìdánwò ni, sà."

Mo ti bá ara mi ṣàdéhùn: bí kò bá yíjú, màá gbàgbé ọ̀rọ̀ náà títí ayé.

Àwọn ọmọ jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́ wọn ní òfin àkọ́kọ́, wọ́n sì tún un sọ. Ẹ̀gbọ́n wá gbé igi náà sí èjìká, ó kọjú sí ògiri, ó ń ṣàlàyé. Bàbá pè é láti ẹ̀yìn.

"Sà!" Ó ti tẹríba kó tó yí padà tán. Ẹnu igi náà gba iwájú àyà gbogbo àwọn ọmọ tó jókòó níwájú kọjá.

"Dádì, èmi lẹ kọjú ẹnu ẹ̀ sí," ni ọmọbìnrin Ẹ̀gbọ́n wí láàárín àwọn ọmọ náà.

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Bàbá bi mí pé kí ni a máa ń ṣe fún ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní a máa ń ní kó gbé e kalẹ̀, kó jáde. Lẹ́yìn náà mo kọjú sí i, mo tẹ orúnkún díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

"Ẹ̀gbọ́n, àṣà ilé ò bá ìbọn mu."

Ó wò mí, mo sì rí i pé ó rántí. Ọwọ́ mi ni ẹ̀kọ́ náà wà títí dòní. Àwọn kan ní ó ti kó lọ sí ìlú The Woodlands, àwọn kan ní ó ń sọ pé mo bá orúkọ òun jẹ́. N kò lè fìdí ìkankan múlẹ̀. Wọ́n máa ń bi mí bóyá mo ti dárí jì í. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò tíì bẹ̀ mí. Èyí tí mo fojú ara mi rí ni pé ó tẹ́ igi náà sórí tábìlì, ẹnu rẹ̀ sí ògiri, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, ó sì forí lé ẹnu ọ̀nà. Àánú ṣe Bàbá, wọ́n tún pè é láti ẹ̀yìn. Kò yíjú padà.