Àkàrà Ọpẹ́ fún "Kò Sí"

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, torí ọ̀rọ̀ tó bá dunni kì í ṣe ohun tí à ń sáré sọ.

Ẹja ni àbúrò mi obìnrin ń yan l'Ẹ̀pẹ́. Èéfín igi ló fà símú títí ọjọ́ orí fi dé. Sìgá kò kan ètè rẹ̀ rí. Nígbà tó ń wúkọ́ tí ikọ́ náà kò lọ, tí ẹ̀jẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jáde, mo mú un wá sílé mi n'Ìgbògbò, a lọ rí dókítà n'Ìkòròdú. Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni.

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ mi, sọ fún wa pé oògùn kan wà tí kì í pa jẹjẹrẹ fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun tó wà nínú ara ló ń jí dìde láti bá a jà. Àmọ́ kì í bá gbogbo èèyàn ṣiṣẹ́. Wọ́n á gé díẹ̀ lára kókó tó wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sókè òkun kí wọ́n wo àbùdá rẹ̀, bóyá àmì kan wà níbẹ̀. A gbọ́ "àmì." A ò béèrè bóyá àmì rere ni tàbí burúkú. Ta ló ń béèrè irú ìyẹn? Nílé tiwa, àyẹ̀wò tó bá ti ní "kò sí," ọpẹ́ ló kàn.

Ó ti padà s'Ẹ̀pẹ́ nígbà tí èsì dé, tí wọ́n pè é láti ọsibítù. Ó pè mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ikọ́ àti ẹ̀rín dà pọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, wọ́n ní kò sí o! Alihamudulilahi! Wọ́n wá àmì náà tì!"

"Kí ni wọ́n tún sọ?"

"Wọ́n ní ká wá rí dókítà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bóyá wọ́n fẹ́ kí wa kú oríire ni."

Èmi náà forí kanlẹ̀. Kí n tó dé Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó ti rẹ ẹ̀wà, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti ń dín àkàrà sàárà. Ààfáà ṣàdúà. Àdúgbò jẹ, wọ́n nu epo ẹnu. Ọkùnrin apẹja kan ní, "Ìyá ẹlẹ́ja, èéfín tó ń yan ẹja kò lè yan ẹ̀yin náà!" Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e jókòó.

Nígbà tí a jókòó níwájú dókítà, ó wo ojú wa tó ń dán.

"Màmá, àmì yẹn la fẹ́ kó wà."

"Ẹ ní kí ni?" ni àbúrò mi bi í.

"Jẹjẹrẹ tí àbùdá rẹ̀ bá ti yí padà gan-an, ara máa ń mọ̀ ọ́n ní àjèjì; ìyípadà yẹn ni àmì náà. Tiyín ò yí padà tó bẹ́ẹ̀. Ó jọ yín jù. Àwọn ọmọ-ogun ara yín ń wò ó bí ọmọ ilé. Tí a bá fún yín ní oògùn náà, n ò rò pé yóò ṣe nǹkan kan. Àwọn tó ń mu sìgá ló sábà máa ń ní àmì náà."

Àbúrò mi yíjú sí mi. "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi ra sìgá lọ́nà."

Dókítà ní oògùn mìíràn wà tó lè fi ọjọ́ díẹ̀ kún ọjọ́, àmọ́ kò ní wò ó sàn.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó ń gbé wa kọjá n'Ìtámága, ó di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ má sọ fún àwọn tó jẹ àkàrà mi o. Ó ti wọnú wọn. Wọn ò lè bì í."

A ò sọ. Wọ́n ń kí i kú oríire, ó ń ṣe àmín, ó ń rù. Nígbà tí ara rẹ̀ di egungun lásán, kíkí náà dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀.

Kí ààwẹ̀ tó dé, a sin ín. Àwọn tó jẹ àkàrà ló kọ́kọ́ dé. "Ẹni rere ti di aláìsí," ni wọ́n ń wí. Aláìsí. Láti kékeré ni mo ti ń sọ ọ̀rọ̀ yẹn, n ò tú u wò rí.

Di òní, bí ẹnikẹ́ni bá fi ayọ̀ sọ fún mi pé "kò sí," mo máa ń bi í pé, "Kí ni kò sí?" Àwọn ọmọ rò pé etí mi ti ń di.