Crépin àti Ìkòkò Iyọ̀ Yíyọ́

Wọ́n ní Crépin ti ti oòrùn mọ́ inú ìkòkò. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá ní Yoko kò gbẹ, láti Sakété títí dé ọjà Pobè, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu wọn: ọmọ Ṣóbándé ń fi iyọ̀ yíyọ́ mú oòrùn, ó fẹ́ lọ tà á ní Onigbolo.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, tíṣà fìsíìkì ni Crépin, ẹni tí àkùkọ ilé rẹ̀ gan-an máa ń lé kiri. Bí ooru ṣe ń rìn nínú iyọ̀ tó yọ́ ló fẹ́ mọ̀. Wáyà kan tín-ín-rín bí irun orí ló rì sínú rẹ̀. Á tan iná sí wáyà náà díẹ̀, á wo bí ooru ṣe ń tètè kúrò lára rẹ̀ sí. Iyọ̀ náà kò gbọdọ̀ mira rárá. Ẹ̀ẹ̀mẹwàá ni ọ̀gá tó ń kọ́ ọ ní yunifásítì ní Porto-Novo ní kó wọ̀n ọ́n kó tó di ọjọ́ Jímọ̀; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ di àmọ́dún. Ó ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹfà. Wáyà ọ̀hún nìkan ló sì kù sí i lọ́wọ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, àwọn aládùúgbò dé sí ẹnu ọ̀nà.

"Tíṣà," ni àgbà wọn, Ọdẹ́wálé, wí, "a kò bá ọ jà. Ṣáà tú u sílẹ̀ kí ẹ̀gẹ́ wa gbẹ, lẹ́yìn náà kí o tún un mú."

Crépin jáde sí wọn. Ó ṣàlàyé títí, ọ̀fun rẹ̀ nìkan ló gbẹ.

Màmá Berthe, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ní Yoko, obìnrin kì í rí ìkòkò lórí iná láìsí ẹni tó ń ro ó, kó kọjá lọ. Ó mú ìgbakọ irin, ó ro ó dé ìsàlẹ̀, tìfẹ́tìfẹ́.

Nígbà tí Crépin wọlé, wáyà ti já, ó lẹ̀ mọ́ ìgbakọ.

"Wò ó," ni Màmá wí. "Irun ló wà nínú ohun tí ò ń sè. Obìnrin wo ló ń wá síbí?"

Crépin gba ìgbakọ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá tó pọ̀n ọ́n dàgbà, báwo ni yóò ṣe bá a wí? Ó pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù; ó dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó fìdí lé àpótí.

"Àbí iyọ̀ rẹ̀ ni kò tó?"

"Ó tó, Màmá."

"Kí ló dé tí ojú rẹ pọ́n?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

Ọdẹ́wálé yọjú. "Ṣé ẹ ti tú oòrùn náà sílẹ̀?"

Crépin na ọwọ́, ó pa iná. Gáàsì ni, igo kílò mẹ́fà tó rà ní Sakété. Gáàsì yìí nìkan, kì í ṣe oòrùn, ló ń mú iyọ̀ náà gbóná láti ọjọ́ kìn-ín-ní.