Àmì Tí Bàdírátù Yọ

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àgbówó lọ́dún 1998, ẹ bá mi jẹ́rìí: ta ló ń ní sùúrù níbẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ tẹ iṣẹ́ àṣekágbá ti pẹ́ kó tó kúrò nílé, olùkọ́ tó fẹ́ tẹ ìbéèrè ìdánwò ń wo aago, obìnrin tó wá tẹ ìwé ìsìnkú ń sunkún, gbogbo wọn ló sì fẹ́ kí Bàdírátù kọ́kọ́ dá àwọn lóhùn. Bàdírátù Sàláwù, ọmọ Ìsẹ́yìn, ni táípíìsì ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Ọ̀gá Ayẹni, ní òdìkejì géètì Yunifásítì. Ọwọ́ rẹ̀ yá jù. Ó lè máa bá kọ́sítómà kan ṣàròyé lórí iná tí NEPA mú lọ lánàá, kí ó máa tẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn lọ, kò ní ṣi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀. Ohun tó bá wọ etí rẹ̀, ọwọ́ ló ń gbà á, kì í dé orí. Òun fúnra rẹ̀ a máa fi ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bí wọ́n bá ní kí òun sọ nǹkan tí òun tẹ̀ láàárọ̀, òun á kàn máa wojú wọn ni. Ẹ̀fẹ̀ náà kò pa á lẹ́rìn-ín mọ́ nígbà tó yá.

Kọ̀ǹpútà tuntun tí Ọ̀gá Ayẹni rà lọ́dún náà ní ìwà kan. Bí wọ́n bá ti ki dísíkẹ́ẹ̀tì tí kọ́sítómà tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sí bọ̀ ọ́, tí wọ́n fẹ́ ṣí ìwé inú rẹ̀, nígbà mìíràn àpótí kékeré kan á yọ láàárín ojú kọ̀ǹpútà, á ní àṣẹ kan fara pamọ́ sínú ìwé yìí, fáírọ́ọ̀sì lè wà níbẹ̀, ṣé kí òun jẹ́ kó ṣiṣẹ́ àbí kí òun dè é mọ́lẹ̀? Mákírò ni wọ́n ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó dáa nínú wọn ń báni ṣiṣẹ́ kíákíá. Èyí tí kò dáa, olè ni. Bàdírátù kò bá olè pàdé rí, nítorí náà ariwo lásán ni àpótí náà jẹ́ lójú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn kọ́sítómà. Bí wọ́n bá ti rí fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ síbẹ̀, ojú wọn á yí padà. Wọn á ní àrùn ń bẹ lára kọ̀ǹpútà yìí, wọn ò ní fi dísíkẹ́ẹ̀tì àwọn kó o. Wọn á palẹ̀ mọ́, wọn á gba ṣọ́ọ̀bù kejì lọ, ẹni tó wà lẹ́yìn wọn lórí ìlà náà á sì dìde. Ọ̀gá Ayẹni á wá máa kùn bí ẹ̀rọ ọlọ. Nígbà tó sú Bàdírátù, láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ ibi ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n pè ní Tools, ó wọ Options, ó rí àmì kékeré tó ní kí kọ̀ǹpútà máa ṣọ́ mákírò, ó yọ ọ́ kúrò. Àpótí náà kò yọjú mọ́. Àlàáfíà dé, ìlà gùn, ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Àlàáfíà tí kì í pẹ́ ni.

Àárín àsìkò yìí ni Bàbá Ògúntúndé bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Hẹ́dímásítà ni bàbá yìí tẹ́lẹ̀, ọmọ Èkìtì ni, Bódìjà ló ń gbé. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá, nǹkan kan sì ti hù sí i lọ́fun, tí ohùn rẹ̀ fi há tó ń dún bíi ti ọ̀pọ̀lọ́. Àwọn dókítà ti sọ fún un pé àfi kí àwọn yọ gògóńgò rẹ̀ kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa bọ́. Bí wọ́n bá ti yọ ọ́, kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé. Bàbá ní kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà nínú òun tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ọ̀rọ̀ náà wà fún. Ọlárónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ kú lọ́jọ́ tó bí Fúnlọ́lá. Bàbá gbé ìkókó náà fún ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, kò sì yọjú sí i mọ́. Gbogbo ẹbí ló ń sọ létí ọmọ náà pé bàbá rẹ̀ kọ̀ ọ́ torí pé ó pa ìyá rẹ̀. Fúnlọ́lá ti di tíṣà báyìí ní Àpáta, inú ìlú Ìbàdàn kan náà, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ sétí. Bàbá ò fi ìdí tí òun fi ṣe bẹ́ẹ̀ han ẹnikẹ́ni rí. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, ohùn rẹ̀ sì ń lọ.

Bàdírátù dábàá kásẹ́ẹ̀tì fún un. Bàbá kọ̀ jálẹ̀, ó ní ohùn àkọ́kọ́ tí ọmọ òun máa gbọ́ lẹ́nu òun kò ní jẹ́ ti ọ̀pọ̀lọ́. Inú ìwé ló fẹ́. Nítorí náà, ó ń sọ, Bàdírátù ń tẹ̀. Bí wọ́n bá parí gbólóhùn kan, Bàdírátù á kà á sí i létí, bó bá dúró bó ṣe fẹ́, Bàbá á fi ìdí ọ̀pá rẹ̀ gbá sìmẹ́ǹtì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó. Bí kò bá dúró, á dákẹ́. Báyìí ló ṣe ń gbọ́ ìwé kíkà àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀ láyé ọjọ́un. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ti mọ ìró ọ̀pá náà.

Ìlà ló tún ba èyí jẹ́. Bí àwọn ènìyàn bá ti ń pọ̀ lẹ́yìn Bàbá, Bàdírátù á ní kí Bàbá jẹ́ kí àwọn fi kíkà sílẹ̀ dìgbà tí àwọn bá parí. Bàbá gbà. Ojoojúmọ́ ni Bàdírátù ń ṣí ìwé náà, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń tọ́jú rẹ̀ pa mọ́, tó sì ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lé orí èyí tó wà nínú dísíkẹ́ẹ̀tì Bàbá. Ìparí rẹ̀ nìkan ló ń wò, torí ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ọ̀sán tó ṣíwájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n parí. Bàbá jókòó dáadáa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá, ó ní kí Bàdírátù kà á látòkè. Bàdírátù bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kìíní lọ geerege, ọ̀pá dún. Nígbà tó dé ìkejì, ọ̀rọ̀ kan ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lọ jókòó síbòmíràn. Bàdírátù rò pé ojú òun ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tún un kà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síwájú: gbogbo ojú ewé ló ti dàrú, ọ̀rọ̀ ti fò kiri nínú gbólóhùn rẹ̀, wọ́n wà níbẹ̀ pé pérépéré, ọ̀pọ̀ kò sí nípò. Ọ̀pá kò dún mọ́.

“Bàdírátù,” ó ní, “ta ló ni ọ̀rọ̀ tí ò ń kà yìí?”

Bàdírátù ki dísíkẹ́ẹ̀tì Bàbá bọ kọ̀ǹpútà, ohun kan náà ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá Ayẹni sáré lọ sí Dúgbẹ̀ lọ wá ẹni tó mọ̀ nípa fáírọ́ọ̀sì, ọkùnrin náà sì wò ó, ó ní mákírò kan ló bá dísíkẹ́ẹ̀tì kọ́sítómà kan wọlé, pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti ṣí ìwé ló ń ṣí ọ̀rọ̀ nípò. Ó bi wọ́n pé ṣé kọ̀ǹpútà ò kìlọ̀ fún wọn ni. Ó pa á, ó sì dá àmì padà síbi tó wà. Ṣùgbọ́n ó lé olè lọ ni, kò lè sọ ibi tí wọ́n gbé ẹrù kúrò. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó ti balẹ̀. Bàdírátù kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, látorí àpótí dé orí àmì tí òun yọ. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tún un sọ, òun á lé gbogbo kọ́sítómà lọ. Bàbá la ẹnu. Atẹ́gùn ló jáde, lẹ́yìn náà ikọ́ àti ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ó dìde, ó táràrà wá ẹnu ọ̀nà, ó lọ.

Wọ́n yọ gògóńgò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, bẹ́ẹ̀ ni Bàdírátù ń sọ fún ara rẹ̀, kò sì rí oorun sùn. Nígbà tí wọ́n gba àbẹ̀wò láàyè, ó tẹ ìwé náà jáde bó ṣe dàrú, ó gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù. Ó mú gbólóhùn kan, ó kà á, Bàbá dákẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ kan síwájú, ó kà á, Bàbá dákẹ́. Ó tún gbé e sẹ́yìn. Ọ̀pá kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n eegun ìka Bàbá gbá irin bẹ́ẹ̀dì. Kó. Bàdírátù bú sẹ́kún.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lójoojúmọ́, títí wọ́n fi dé ojú ewé tí Bàbá ti sọ ìdí tó fi gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó kọ̀ tí kò gbà. “Ẹ̀rù ìyá rẹ ni mo bà lójú, mí rẹ rí ojú sì.” Bàdírátù ló tẹ̀ ẹ́, ẹ gbọ́ o, ọwọ́ rẹ̀ gan-an ló tẹ̀ ẹ́, kò sì rántí ẹyọ kan. Ó kà á pé ẹ̀rù ìyá rẹ bà mí. Bàbá dákẹ́. Ó kà á pé mo rí ẹ̀rù lójú ìyá rẹ. Bàbá dákẹ́, omi ń jáde lójú tí kò ríran. Ó dán an wò títí nọ́ọ̀sì fi lé e jáde, ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ibà ti wọ Bàbá lára nígbà náà, ìka rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ò wojú Bàdírátù mọ́ bó bá ń béèrè bí ara Bàbá ṣe rí.

Ló bá wọ mọ́tò lọ sí Àpáta. Fúnlọ́lá kò ní kó jókòó. Obìnrin tó dúró ṣinṣin ni, kò pariwo rárá.

“Ẹni tí kò fẹ́ rí mi nígbà tó ń ríran,” ó ní, “kí ló fẹ́ fi mí ṣe nísinsìnyí tí kò ríran?”

Bàdírátù kúnlẹ̀ sójú títì. “Àǹtí, èsì yín wà nínú ìwé, èmi ni mo bà á jẹ́. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ tèmi jẹ wọ́n níyà.”

Fúnlọ́lá wọlé, ó tilẹ̀kùn. Bàdírátù padà sí Àgbówó, ó ń tẹ iṣẹ́ oníṣẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni ṣàròyé.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń dán gbólóhùn náà wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìka Bàbá sì wà lórí irin láìmira, nígbà tí ẹnì kan nawọ́ látẹ̀yìn gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Fúnlọ́lá ni. Kò kí bàbá rẹ̀. Ó ń wo ìwé náà, ó ń fi ìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ kì í lè wò ó pẹ́ kó má sunkún, gbogbo ìgbà ni wọ́n sì ń sọ fún un pé ojú Ọlárónkẹ́ ìyá rẹ̀ gan-an ló gbé wá sáyé. Ó mọ ọ̀rọ̀ náà láti kékeré. Kò kàn mọ̀ pé bàbá òun náà mọ̀ ọ́n ni.

“Ojú ìyá rẹ,” ó ní, ó dúró. “Ojú ìyá rẹ ni mo rí lójú rẹ. Ẹ̀rù sì bà mí.”

Ìka Bàbá gbéra díẹ̀díẹ̀, ó gbá irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Bàdírátù fi bírò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fúnlọ́lá fa àga, ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó nawọ́, ó ní kí Bàdírátù gbé ojú ewé tó kù wá.