Ọjọ́ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Ní Kí N Gbé Àwọn Wo Abẹ́òkúta

“Gbé mi wo Abẹ́òkúta.”

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí nìyẹn, kò pẹ́ tí a ti ọsibítù dé. Mo rò pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Èèyàn tí wọ́n bí sí Ìtòkú, tó ń rẹ aṣọ ní Ìtòkú, tó ń tà á ní Ìtòkú, Abẹ́òkúta wo ló tún kù tí wọ́n fẹ́ wò?

“Mi ò gun Olúmọ rí,” ni wọ́n dá mi lóhùn. “Òyìnbó ń ti òkè òkun wá wò ó. Èmi tí mo ń gbé lẹ́sẹ̀ rẹ̀, aró kò jẹ́ kí n gbójú sókè.”

Òótọ́ ni. Aláró ni wọ́n, iṣẹ́ tí wọ́n bá lọ́wọ́ ìyá wa ni. Nígbà tí ìyá wa kú, iṣẹ́ náà ni wọ́n fi tọ́ mi, wọ́n fi rán mi nílé ìwé. Ìkòkò aró wọn wà lẹ́yìnkùlé, òórùn rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ kí àlejò. Ní agbo ilé wa, bí aláró bá ń rìnrìn àjò, yóò bo ìkòkò rẹ̀ ni. Ẹni tó bá kú, tàbí ẹni tó mọ̀ pé òun kò tún ní rẹ aṣọ mọ́, ìkòkò tirẹ̀ ni wọ́n ń da ojú rẹ̀ délẹ̀.

Inú rírun ló gbé wọn dé ọsibítù. Dókítà kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì kún pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe, kò ní pẹ́ mọ́. Nígbà tí a padà dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wí i sókè pé, “Ẹ máa gbé wọn lọ sílé. Ohun tí wọ́n bá fẹ́ jẹ, ẹ fún wọn.” Inú ọmọ náà ṣì ń bí mi títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe ohun tó burú.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. “Ṣé o gbọ́? Wọ́n ní kí n jẹ ohun tó bá wù mí. Ara mi ti yá nìyẹn.”

Ta ni yóò wá sọ fún wọn pé kò yá? Nílé wa, a kì í sọ irú rẹ̀ fún aláìsàn. Mo gbé e mì.

Àkókò yẹn, àwọn sójà ti gbàjọba, epo mọ́tò sì wọ́n. Mo tò lórí ìlà kí n tó rí epo rà sínú ọkọ̀ ìjàpá mi, mo sì ń kùn bí mo ti ń bọ̀. Àṣà mi ni láti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a ó jáde, wọ́n ti múra, wọ́n jókòó síwájú ilé. “Má wọlé o, oòrùn ti ń mú.” Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa, wọ́n sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró.

A gun Olúmọ. Díẹ̀díẹ̀ ni, à ń sinmi, à ń gùn. Nígbà tí a dé abẹ́ àpáta tí àwọn baba wa sá sí nígbà ogun, ẹ̀gbọ́n mi rí àwọn ihò tí àwọn ará ìgbà náà ti ń lọ nǹkan lójú òkúta. Wọ́n ki ìka bọ ọ̀kan nínú rẹ̀, ìka tí aró ti sọ èékánná rẹ̀ di dúdú.

“Ogun wà níta, wọ́n mọ̀ pé ó wà níta, wọ́n sì ń lọ ata,” ni wọ́n wí. “Ebi kì í dúró de ogun.”

Láti òkè, páànù tó ti dípẹtà ló kún ìsàlẹ̀ títí dé odò Ògùn. Wọ́n wá òrùlé wa títí wọ́n fi rí i. Wọ́n ní ó kéré.

Láti ibẹ̀ a lọ wo ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó wà ní Aké. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í fi àsìkò ìrun ṣeré jókòó lẹ́yìn pátápátá, wọ́n ń wo fèrèsé rẹ̀, wọ́n ní aláró tó rẹ gíláàsì yẹn mọṣẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí pé mo rẹ́rìn-ín.

Ní Òkè-Ìlèwó, a wọ búkà kan, ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n gbé ìrẹsì ọ̀fàdà wá. Wọ́n jẹ ṣíbí méjì, wọ́n ti abọ́ sọ́dọ̀ mi. “Jẹ ẹ́. O ti rù.” Nínú àwa méjèèjì, ta ló rù? Mo jẹ ẹ́. Nínú ọgbà ìgbafẹ́ kan tí koríko ti ń bo àga rẹ̀, wọ́n ra mọ́ínmọ́ín, wọ́n tọ́ ọ wò, èmi náà ni mo jẹ ìyókù.

Wọ́n ní ó ku Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹnìkan ti sọ fún wọn pé wọ́n ń se ẹran ẹtu tó dáa níbẹ̀. Nígbà tí láfún àti ẹran dé, ikùn mi ti le bí ìlù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti yó!” Mo fi ìbínú sọ ọ́.

“Ẹ̀gbá wo ló ń sá fún láfún? Jẹ ẹ́ níṣojú mi.”

Wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń wo ẹnu mi bí wọ́n ti máa ń wò ó nígbà tí mo wà ní kékeré, títí mo fi gbé òkèlè tó kẹ́yìn mì.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, wọ́n ní, “Iléyá ń bọ̀. Aṣọ tìrẹ ni n óò kọ́kọ́ rẹ.”

“Ẹ ó rẹ ẹ́,” ni mo wí. Mo gbájú mọ́ ọ̀nà, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà.

Ó rẹ̀ wọ́n púpọ̀ nígbà tí a délé. Mo tẹ́ wọn sórí ẹní. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, àmù sì wà lẹ́yìnkùlé. Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró, wọ́n nà án sí mi.

Mo ṣílẹ̀kùn. Òórùn kankan kò kí mi. Gbogbo ìkòkò aró wọn ti dojú délẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ti fọ̀ wọ́n mọ́, ìdí wọn ti gbẹ. Wọ́n ti gbá eérú aró kúrò nílẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ òní.

Mo bu omi sínú ife, mo gbé e wọlé. Wọ́n wò mí títí.

“Láti ọsibítù ni mo ti mọ̀,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá sọ fún ọ pé mo mọ̀, o ò ní lè jẹun.”

Mo sunkún bí ọmọdé. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún tó, wọ́n wá nawọ́ gba omi. Ẹnu kan ni wọ́n mu, wọ́n dá ife padà fún mi.

“Mu ìyókù.”

Mo mu ún tán.