Obìnrin Tó Pe Ulé Ní Ilé

Òórùn ewúro ló kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ìyá mi ní Ìjerò lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Wọ́n ti fún omi rẹ̀ kún ife ńlá kan. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún wọn wà lójú fèrèsé, eruku ti bò ó. Ọ̀rẹ́ wọn kan nínú ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló fi ohùn kan ránṣẹ́ sí wọn lórí Wọ́sáàpù: nọ́ọ̀sì kan, tó ní ọmọ Ìjerò lòun, sọ pé oògùn yẹn ń ba kíndìnrín jẹ́, pé ewúro nìkan ti tó. Látìgbà náà, ìyá mi kò lo oògùn mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tó ti dàgbà, ẹ mọ bó ṣe ń rí. Mo rojọ́ títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó, èmi olùkọ́ tí mo ń fi ẹnu jẹun nílé ẹ̀kọ́ ní Àrámọkọ, àmọ́ bí ẹni ń da omi sínú agbọ̀n ni.

"Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́, ọmọ wa sì ni. Ṣé ó máa parọ́ fún wa ni?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ṣé ẹ̀jẹ̀ ríru máa dúró de òótọ́ ni? Ó rẹ̀ mí. Mo jókòó, mo pa ọ̀rọ̀ náà tì.

Wọ́n rò pé mo ti gbà, ni wọ́n bá tún tan ohùn náà sí mi létí. "Inú ilé wa níbí ní Ìjerò ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀," ni obìnrin náà ń wí. Èmi ò tiẹ̀ fetí sí i mọ́. Ìyá mi ló dá a dúró.

"Ilé kẹ̀?" Wọ́n tún un gbọ́. "Ulé ni à ń pè é níbí. Ọmọ ta lèyí?"

Wọ́n wo ife ewúro náà títí, wọ́n nawọ́ mú oògùn, wọ́n ní kí n bu omi wá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

N kò tan ara mi. Ẹlẹ́tàn mìíràn lè pe ulé bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kì í gba ọ̀rọ̀ orí fóònù gbọ́ láìbéèrè ẹni tó sọ ọ́, èmi ni wọ́n sì ń bi. Mo lè wà níwájú àwọn ọmọ kíláàsì, kí wọ́n pè, kí wọ́n tún pè. Ó máa ń sú mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n pa fóònù náà. Mo ṣì ń gbé e. Ọ̀rẹ́ wọn tó fi ohùn yẹn ránṣẹ́ wà lórí ibùsùn báyìí, àìsàn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara wọn. Àwọn náà pa oògùn tì, wọ́n ń mu ewúro. Wọn ò rí ẹni bi.