Ohùn Tí Ọkọ Mi Fi Tan Dókítà Jẹ

Ọkọ mi ń pe Moyọ̀ ọmọ wa láti ilé ìdáná pé kó wá jẹun, ohùn kò jáde. Ó tún pè é. Ohun tó jáde dà bíi ti ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó tọ́jú eré fún àwọn òǹwòran rẹ̀. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Eirik lorúkọ ẹ̀, ará Norway. Bergen ló ti bẹ̀rẹ̀ eré orí ìtàgé nígbà ọ̀dọ́, láti ìgbà náà ló sì ti ń fi ọ̀fun jẹun. Ó ti ṣe ọba, ó ti ṣe ọ̀mùtí. Nínú sinimá, ọlọ́pàá tí kì í rẹ́rìn-ín ni wọ́n máa ń fi ṣe. Sinimá ló gbé e dé Dublin, níbi tí mo ti ń rán aṣọ fáwọn òṣèré. Ọrùn ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ mọ̀, nítorí kọ́là ẹ̀wù tí mo ń wọ̀n fún un. Nígbà tí ohùn yìí há, ó ń múra eré ńlá kan tí òun jẹ́ olórí nínú ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ohùn kò là. Mo wọ́ ọ lọ sọ́dọ̀ dókítà àdúgbò wa ní Corduff. A jókòó títí ìdí mi fi kú. Bí wọ́n ṣe pè wá wọlé báyìí, ọkọ mi nàró, ó mí kanlẹ̀, ó lanu, ohùn tó mọ́ gaara ló jáde: ara òun le, ọ̀fun kàn ń yún òun díẹ̀ ni. Dókítà wò mí bí ẹni tó ń parọ́ mọ́ ọkọ. Ó ní he's grand, pé kò sóhun tó ṣe é, kó máa mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

"Bàbá Moyọ̀, ta lò ń ṣeré fún?" mo bi í lójú títì.

Ohùn ti tún lọ. "Ẹni tó bá ti jókòó tó ń wò mí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàìsàn lójú ẹ̀."



Mo fi fóònù gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo padà lọ, mo tẹ̀ ẹ́ kí dókítà gbọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìwé gbé wa lọ sílé ìwòsàn. A tún dúró, oṣù ń kọjá. Níkẹyìn, wọ́n ti kámẹ́rà tín-ín-rín gba imú ẹ̀ wọ ọ̀fun. Okùn ohùn, awọ méjì tó máa ń gbọ̀n lára ọ̀nà èémí tá a bá ń sọ̀rọ̀, ni kókó kan tó tó ẹyọ ìrẹsì lé sí. Wọ́n ní àwọn á gé e, àwọn á sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá jẹjẹrẹ ni.

Wọ́n kùn ún lóorun, wọ́n gé e. Ó jí pẹ̀lú ahọ́n kíkú àti ọ̀fun tó ń ta á bí ata. Àṣẹ ni pé kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ rárá, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pàápàá, torí ìyẹn náà ń fa okùn ọ̀hún. Gbogbo èyí ni mo ṣàlàyé fún Àǹtí Bísí, ẹ̀gbọ́n mi, kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Balbriggan.

Ó wọlé. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò sọ̀rọ̀. Àǹtí dúró lé e lórí.

"Ẹ̀yin ará Norway, ṣé báyìí lẹ ṣe ń kí àgbà?"

"Ẹ káàbọ̀ mà," ni ọkọ mi wí, bí ìgbà tí aṣọ bá fàya.

Mo figbe ta. "Àǹtí, ṣebí mo ti sọ fún yín?"

"O ní kó má sọ̀rọ̀. Mi ò mọ̀ pé ìkíni wà nínú ẹ̀."

Mo bínú sí i, mo bínú sí ọkọ mi, mo bínú sí ẹ̀kọ́ ilé tí èmi fúnra mi kọ́ ọ.

Èsì àyẹ̀wò dé: kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ohùn padà, ṣùgbọ́n kò lè ké mọ́. Ẹlòmíì ló ṣe olórí eré náà. Ó ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ láì fagbára, bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Tí ohùn ẹni yín bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ bá a wọlé dókítà, pàápàá tó bá jẹ́ òṣèré.

Inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀fun ọkọ mi: nínú gbogbo ara ẹ̀, òun nìkan ló padà kọ̀ láti bá a ṣeré.